Àgbà ni Àádọ́ta Dọ́là

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Ìsọ̀kùn, ní Iléṣà,
aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni ní Dálásì.
Mo gbé àga sábẹ́ igi ọsàn,
ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti máa ń dúró díẹ̀,
mò ń gbọ́ orin tí wọ́n fi ń dá ènìyàn dúró lórí fóònù.
Àkùkọ Ìyá Fálọ́pẹ́ ti kọ lẹ́ẹ̀mẹta
lórí káàdì mi.

Ọdún méjìlélógún ni mo fi fọ aṣọ ilé ìwòsàn níbẹ̀,
aṣọ abiyamọ, aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, aṣọ tí wọ́n yọ lára òkú.
Ó ku ọdún mẹ́ta kí n fẹ̀yìn tì
ni wọ́n tó mú Rọ́ọ̀tì dé ibi iṣẹ́ wa:
kí ìjọba kọ́kọ́ mú tirẹ̀,
kí ìyókù wọ àpótí,
kí ẹnikẹ́ni má bi ọ́ ní nǹkan kan mọ́ lọ́jọ́ ogbó.
Mo fọwọ́ sí i. Gbèsè tó ń dúró de arúgbó,
mo ti rí i rí, mi ò fẹ́.

Ọmọ òṣómàáàló ni mí.
Bámiṣilẹ̀ bàbá mi ta aṣọ àwìn dé Kọ̀ntàgórà.
Bí ọjọ́ owó bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè,
kò ní gba àga, kò ní gba omi,
títí kọ́bọ̀ ìkẹyìn yóò fi bọ́ sí i lọ́wọ́.
Ṣùgbọ́n bó bá ti gbà á tán,
á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ lórí orúkọ náà.
Ẹni tó bá gbàgbé, tó tún mówó wá,
á lé e padà: "O ti san.
Ta ní í pa ẹran kan lẹ́ẹ̀mejì?"

Ìjọba tí kì í fa ìlà ló ń bà mí lẹ́rù.

Orin dákẹ́. Ọmọbìnrin kan ní,
"Ìyá, ṣé ká gbé e tààrà, àbí ká kọ ṣéèkì sí yín?"
Àbúrò mi Adéòjó ti ní kí n gba ṣéèkì,
kí ojú wa rí i.
Ṣùgbọ́n ọgọ́ta ọjọ́ péré ni wọ́n ń fúnni,
bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á bu èrè rẹ̀ jẹ.
Mo mọ ilé ìfìwéránṣẹ́ Iléṣà.
Káàdì ọdún Kérésì máa ń bá wa níbi ẹran iléyá.
Tààrà, mo ní. Má jẹ́ kó fọwọ́ kàn mí.

"Àpótí tuntun, kíka tuntun ni o, Ìyá.
Ọdún márùn-ún gbáko kí èrè tó bọ́ lọ́wọ́ owó-orí."
Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí.
Mo ka márùn-ún náà lórí ìka, mo tún un kà.
"Àfi bí ẹ bá ti ní òmíràn tẹ́lẹ̀."

Ékúà!
Ékúà ará Gánà, ní ọdún 2009,
tó fà mí lápá wọ báńkì lásìkò oúnjẹ ọ̀sán:
"Fi àádọ́ta síbẹ̀, kó máa dàgbà."
Mo bá a jà lórí àádọ́ta dọ́là yẹn.
Àpò ìrẹsì ni lójú mi nígbà náà.
Mo gbàgbé rẹ̀ bí ẹni gbàgbé agboòrùn nílé ìjọsìn.

Mo gbọ́ ìka rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà,
bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan páànù.
"Ìyá, mo rí i. Àtọdún náà ni kíka ti bẹ̀rẹ̀."

Owó ńlá yóò wá dọ̀bálẹ̀ fún owó kékeré,
bí ọlọ́rọ̀ ti ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tálákà,
torí ọjọ́ orí kì í ṣe ohun tí à ń fowó rà.
Àádọ́ta dọ́là ló délé ṣáájú.

Mo fẹ́ béèrè orúkọ ọmọ náà,
káàdì tán.
Nọ́ńbà Ékúà tí mo ní,
ọkùnrin kan ló ń gbé e báyìí, kò mọ̀ ọ́n.
Mo he èédú lẹ́bàá àdògán,
mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ara mi, orúnkún mi ń ké,
mo ń wá ibi tí mo lè fa ìlà sí.